Ọjà Tomohon kọ́ ni oúnjẹ Minahasa

Ẹni tó bá ti wo fídíò ọjà Tomohon ní Indonéṣíà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó máa ń dá a lójú pé òun ti mọ ohun tí àwọn ará Minahasa ń jẹ. Àdán ló sábà máa ń kọ́kọ́ hàn, ìyẹ́ rẹ̀ nà gbalaja lórí pátákó. Eku á tẹ̀ lé e tòun ti igi tí wọ́n fi gún un, lẹ́yìn náà erè tí wọ́n gé sí kúnkù-kúnkù, gbogbo wọn dúdú nítorí iná. Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń tàn pé kò sí ohun ẹlẹ́mìí tí àwọn èèyàn orí òkè yẹn kì í jẹ, pé ohun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kan ṣoṣo tó bọ́ lọ́wọ́ wọn ni tábìlì. Àwọn ará Minahasa fúnra wọn máa ń fi àwàdà yìí rẹ́rìn-ín. Àwa tí à ń gbọ́ ọ lókèèrè la sọ ọ́ di òdodo.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ilẹ̀ náà. Minahasa wà ní àríwá erékùṣù Sulawesi lórílẹ̀-èdè Indonéṣíà, lórí òkè lẹ́yìn ìlú Manado tó wà létí òkun. Tomohon wà láàárín òkè Lokon àti òkè Mahawu. Òkè ayọnáyèéfín ni méjèèjì, eérú wọn ló sì sọ ilẹ̀ ibẹ̀ di ọlọ́ràá. Òdòdó ni àwọn ará Indonéṣíà mọ̀ mọ́ Tomohon, wọ́n tiẹ̀ ń ṣe àjọ̀dún òdòdó níbẹ̀. Ní Rurukan, tó tún ga ju ìlú lọ, kárọ́ọ̀tì àti àlùbọ́sà eléwé ló kún oko. Modoinding ní apá gúúsù ń kó kábéèjì àti pòtétò ránṣẹ́ sí ìgboro. Àgbẹ̀ ẹ̀fọ́ ni wọ́n. Ọjà tí gbogbo ayé ń yà ní fọ́tò yẹn náà, igun kan péré ni ẹran ìgbẹ́ wà. Ẹ̀fọ́, ata, ẹja àti èso ló gba ìyókù, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé kámẹ́rà sókè nítorí kárọ́ọ̀tì?

Oúnjẹ ojoojúmọ́ wọn kò ní àràmàǹdà kankan nínú. Ìrẹsì, ẹja, ẹ̀fọ́, ata. Ẹja cakalang tí wọ́n ń pa lókun ni wọ́n máa ń fi ọparun há, tí wọ́n á sì fi èéfín yan títí ara rẹ̀ á fi pọ́n. Cakalang fufu ni wọ́n ń pè é (kò kan fùfú tiwa o). Lórí òkè, ẹja adágún Tondano ni wọ́n ń yan. Inú adágún náà ni wọ́n ti ń kó kolombi, ìgbín omi kékeré tí wọ́n ń fi igi gún tí wọ́n sì ń tà fún àwọn tó ń kọjá. Ẹ̀gbẹ́ ẹja ni dabu-dabu máa ń wà: ata, tòmátì àti àlùbọ́sà tí wọ́n rẹ́ ní tútù, tí wọ́n fún ọsàn kíkan sí, tí kò kan iná rárá. Ata yìí kì í ṣe ti ṣeréṣeré. Àwọn ará Indonéṣíà mìíràn pàápàá ń sá fún un.

Tí wọ́n bá ní kí n mú oúnjẹ kan ṣoṣo tó lè dúró fún gbogbo agbègbè náà, tinutuan ni màá mú. Wọ́n á se ìrẹsì pọ̀ mọ́ elégédé, ọ̀dùnkún àti àgbàdo títí á fi rọ̀ di àsáró, wọ́n á wá da ẹ̀fọ́ sí i, àti ewé kan tó jẹ́ ẹbí efinrin, àti ewé gedi, ìbátan ilá, tó máa ń yọ̀ díẹ̀. Kò sí ẹran nínú rẹ̀. Ẹja oníyọ̀ àti ata ni wọ́n fi ń tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àárọ̀ ni wọ́n sábà máa ń jẹ ẹ́, ní àdúgbò Wakeke ní Manado sì ni àwọn ilé oúnjẹ tó gbajúmọ̀ jù fún un wà.

Mi ò sọ pé irọ́ ni fídíò yẹn o. Wọ́n ń jẹ àdán, paniki lorúkọ rẹ̀, oje àgbọn àti ata ni wọ́n fi ń sè é. Wọ́n ń jẹ eku igbó tí ìrù rẹ̀ funfun lẹ́nu, tí wọ́n ń pè ní kawok. Wọ́n ń jẹ ajá náà. Èmi kò rí ohun tó ya ọmọ Yorùbá lẹ́nu nínú ti kawok, àwa tí a mọ adùn òkété àti ẹmọ́, tí a sì mọ̀ pé iná la fi ń jó irun rẹ̀ kúrò kó tó wọ ìkòkò. Àmọ́ ta ló ń jẹ òkété láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́? Ẹran tó ń jọba lórí tábìlì àsè Minahasa ni ẹlẹ́dẹ̀. Wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á fi ata àti ewé pò ó, wọ́n á rọ ọ́ sínú ọparun, wọ́n á sì gbé ọparun náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Ìyẹn ni tinoransak.

Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ yìí wà lára ohun tó mú kí àsọdùn náà rinlẹ̀. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù ní Indonéṣíà. Ní Minahasa, Kirisitẹ́ẹ́nì ló pọ̀ jù, pàápàá láti ìgbà tí àwọn míṣọ́nnárì Riedel àti Schwarz ti dé ní 1831. Ẹni tí ẹlẹ́dẹ̀ àti ajá jẹ́ èèwọ̀ fún, bó bá rí aládùúgbò tó ń jẹ méjèèjì, kò ní ṣòro fún un láti gbà pé aládùúgbò náà ń jẹ gbogbo nǹkan.

Àwọn èèyàn tún ń sọ pé bí àwọn ará Minahasa ṣe ń jẹun láti ayé àwọn baba ńlá wọn nìyẹn, láìyí padà. Ẹ wo àdán tó wà lórí pátákó yẹn. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe ti igbó Minahasa mọ́, ọkọ̀ ẹrù ló ń kó wọn wá láti Gorontalo àti láti àárín gbùngbùn Sulawesi títí dé gúúsù rẹ̀, nítorí ti ìtòsí ti ṣọ̀wọ́n. Tí Kérésìmesì bá ti ń sún mọ́lé, owó ń wọlé, àdán ń tán nígbó ẹlòmíì. Òwò ayé òde òní gbáà ni. Ata tí wọ́n fi ń yangàn pàápàá, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá. Ayé àwọn Potogí àti àwọn ará Sípéènì ló dé apá ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà sì ni àgbàdo, tòmátì àti ìbẹ́pẹ. Ọbẹ̀ ẹ̀wà pupa tí wọ́n ń pè ní brenebon, ọ̀dọ̀ àwọn ará Họ́láńdì ni wọ́n ti kọ́ ọ. Èyí kò bu oúnjẹ náà kù lójú mi. Ó kàn jẹ́ pé ọ̀rọ̀ "láti ayébáyé" kò bá a mu.

Ohun mìíràn tí fídíò àtijọ́ kò lè sọ fún yín: ní oṣù keje ọdún 2023, ọjà Tomohon fòpin sí títa ẹran ajá àti ológbò. Olórí ìlú àti àwọn ọlọ́jà jọ fọwọ́ sí i, lẹ́yìn iṣẹ́ tí àwọn ẹgbẹ́ tó ń gbèjà ẹranko ti ń ṣe fún ìgbà pípẹ́. Ìbẹ̀rù àrùn dìgbòlugi wà lára ìdí rẹ̀. Ọ̀bọ dúdú ìdí pupa tí wọ́n ń pè ní yaki, òfin ti dáàbò bò ó, ẹni tó bá pa á jẹ ti rú òfin. Síbẹ̀, àwọn fọ́tò tó ti gbó ṣì ń káàkiri bí ẹni pé àná ni wọ́n yà wọ́n.

Àwọn tó ń mú àlejò rìn ló wá fi epo síná. Wọ́n á pe ọjà náà ní ọjà abàmì, àlejò á wọlé, á pariwo, á ya fọ́tò, ó di Manado. Ẹni tó bá fẹ́ mọ oúnjẹ àwọn èèyàn yìí, kó lọ lásìkò Pengucapan Syukur, ìdúpẹ́ ìkórè tí wọ́n ń ṣe ní nǹkan bí àárín ọdún, tí ọjọ́ rẹ̀ ń yàtọ̀ láti agbègbè sí agbègbè. Ilẹ̀kùn ilé máa ń ṣí sílẹ̀ fún àlejò lọ́jọ́ náà. Wọ́n á gbé nasi jaha jáde, ìrẹsì alẹ̀mọ́ra tí wọ́n fi oje àgbọn àti atalẹ̀ pò, tí wọ́n rọ sínú ọparun tí wọ́n tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí, tí wọ́n sì yan. Wọ́n tún máa ń di í fún àlejò lọ sílé. Saguer náà á wà, ẹmu ọ̀pẹ aren. Òun kan náà ni wọ́n ń sè di ṣúgà pupa, òun ni wọ́n sì ń pọn di ọtí líle cap tikus, tí ẹni tó bá mọ ògógóró kò ní ṣàì mọ ewu rẹ̀.

Àwọn Mùsùlùmí tó ń rò pé àwọn kò ní rí nǹkan jẹ níbẹ̀, ẹja àti tinutuan wà. Brenebon tí wọ́n fi ẹran màlúù sè náà wà, ní ilé oúnjẹ àwọn Mùsùlùmí ní Manado. Lórí òkè, ẹ béèrè kí ẹ tó jókòó, nítorí ìkòkò kan náà ni àwọn mìíràn fi ń se gbogbo rẹ̀.