Sódà kì í ba fọ́nrán ewéko jẹ́

Kò sí aládìrẹ tí kò mọ sódà, ìyẹn caustic soda, n'Ítòkú, wọ́n sì mọ bó ṣe ń jó ọwọ́. Bóyá ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi gbà pé, bí ẹ bá fẹ́ fi fọ́nrán ọ̀gẹ̀dẹ̀ ró PLA lágbára, ìyẹn ike tí wọ́n ń fi àgbàdo tàbí ìrèké ṣe, sódà ò gbọ́dọ̀ kan fọ́nrán náà. Wọ́n ní kẹ́míkà á jẹ ẹ́, pé bó ṣe ti oko dé ló ṣe le jù. Irọ́ ni.

Sányán ni sódà ń jẹ. Ara kòkòrò ló ti wá, prótéènì ni, bí irun orí wa. Cellulose, irú èyí tó wà nínú òwú, ni fọ́nrán ewéko ní tirẹ̀, sódà tó mọ níwọ̀n kì í sì í já a. Omi eérú tí àwọn ìyá wa ń sẹ́ fún aró ẹ̀lú, ó fara jọ sódà, bí kò tiẹ̀ le tó o. Ṣé òwú torí ẹ̀ já?

Ìda, pectin àti hemicellulose, ìyẹn àwọn nǹkan bí àtè tó bo fọ́nrán lára, ni sódà ń fọ̀ kúrò. Bí wọ́n bá wà níbẹ̀, ó dà bí ìgbà téèyàn ń lẹ pósítà mọ́ ògiri tó kún fún epo. Ẹ ṣẹ́ ike tí wọ́n fi fọ́nrán tí wọn ò fọ̀ sí, kí ẹ wo ojú ibi tó ti ṣẹ́: fọ́nrán á yọ síta gbọọrọ, kò ní sí ike lára rẹ̀, ihò tó ti fà yọ á sì hàn kedere. Kò já rárá, ńṣe ló yọ bọ́, kò bá ike gbé ẹrù tó yẹ kó gbé. Èyí tí wọ́n fi sódà fọ̀ ti rí ṣákiṣàki, ike dì í mú, ojú ibẹ̀ gan-an ló máa ń já sí.

Ìwọ̀n ló ṣe pàtàkì. Nǹkan bí 50 gíráàmù sódà sí lítà omi kan ló wọ́pọ̀. Bó bá le jù, tàbí tó pẹ́ jù nínú rẹ̀, cellulose fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, ibẹ̀ ni ẹ̀rù yẹn ti tọ̀nà. Ẹ ṣàn án léraléra, kí ẹ fi fínígà díẹ̀ sí omi ìkẹyìn, kí ẹ wá sá a gbẹ dáadáa, torí omi tó bá ṣẹ́kù ń sọ PLA di ẹlẹgẹ́ nígbà tó bá ń yọ́ lórí iná.

Ẹ jọ̀ọ́, sódà ni kí ẹ máa dà sínú omi, ẹ má da omi lé sódà. Bàsíà ike ni kí ẹ lò, kì í ṣe ti alumíníọ̀mù, kí ẹ sì wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà.