Ọjọ́ A Bá Kú Là Á Dère: Bí A Ṣe Ń Bọlá fún Ẹni Tó Sin Àdúgbò

Ọjọ́ a bá kú là á dère, ènìyàn ò sunwọ̀n láàyè. Bí wọ́n bá pa òwe yìí nídìí òkú, ohun tí a máa ń gbọ́ nínú rẹ̀ ni pé ayé kì í mọyì ẹni títí ilẹ̀ á fi mu ún. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ tún ọ̀rọ̀ kan gbọ́ níbẹ̀: ère. Ère kì í gbẹ́ ara rẹ̀. Ọwọ́ àwọn tó kù ló wà, wọ́n lè gbẹ́ ẹ kó jọ olóògbé, wọ́n sì lè gbẹ́ ẹ kó jọ ẹlòmíì. Ní Ọ̀wọ̀ láyé àtijọ́, níbi tí wọ́n ti ń ṣe àkó, ìyẹn ère olóògbé, fún àwọn ẹni ńlá tó ti lọ, ojú ère gbọ́dọ̀ jọ ojú olóògbé kí wọ́n tó wọ̀ ọ́ láṣọ, kí wọ́n tó gbé e yí ìlú ká. Ìjọra yẹn ló yẹ ká máa wá nígbà tí ẹni tó sin àdúgbò bá kú.

Kí ẹ tó pe ìpàdé lórí aṣọ ẹbí àti màlúù, ẹ kọ́kọ́ bèèrè: kí ni ohun tiwa tó wà lọ́wọ́ olóògbé? Kọ́kọ́rọ́ ilé omi ńkọ́? Mítà iná kànga ẹlẹ́rọ, orúkọ ta ló wà níbẹ̀? Ìwé tiransífọ́mà, ìwé ìpàdé, rìsíìtì ilẹ̀, àkáǹtì báńkì. Ibí ni ọlá òkú ti ń bàjẹ́ jù. Ẹni tó ń fi gbogbo ọkàn sin ìlú kì í sábà pín iṣẹ́. Ohun gbogbo a máa wà lórúkọ rẹ̀ nítorí pé òun nìkan ló ráyè lọ síbẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé orúkọ ẹgbẹ́ ni àkáǹtì ń jẹ́, ọ̀nà rẹ̀ kò jìn: ẹ kọ ìpinnu ìpàdé sílẹ̀, ẹ so ó mọ́ lẹ́tà àti ìwé ẹ̀rí ikú, kí àwọn tí yóò máa buwọ́ lùwé láti ìsinsìnyí mú ìdánimọ̀ wọn lọ sí báńkì. Ṣùgbọ́n bí owó bá wà nínú àkáǹtì tirẹ̀, báńkì á tì í nígbà tó bá gbọ́ ikú rẹ̀, owó àdúgbò á sì di ogún títí àwọn ọmọ á fi gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ilé ẹjọ́ gíga. Ọmọ kò ṣẹ̀ níbẹ̀, òfin ni.

Ti ilẹ̀ ló le jù. Àdúgbò dá owó, wọ́n ra ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì fún kànga, rìsíìtì sì ń jẹ́ orúkọ alága. Àwọn ọmọ rẹ̀ mọ̀. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ kò ní mọ̀, yóò sì tà á láìní èrò ibi kankan. Ẹ ṣe é kí ogójì ọjọ́ tó pé, nígbà tí àwọn ọmọ ṣì pé jọ nílé: kí awọnlẹ̀ ya àwòrán ilẹ̀, kí lọ́yà kọ ìwé pé ti àdúgbò ni ilẹ̀ náà, kí gbogbo àwọn ọmọ buwọ́ lù ú, kí olórí ẹbí àti baálẹ̀ jẹ́rìí. Ẹ má lọ bá wọn bí ẹni tó wá gba ohun olè. Ẹ kí wọn kú ọ̀fọ̀, ẹ gbé ìwé ìpàdé àtijọ́ dání, kí wọ́n rí orúkọ bàbá wọn àti ti àwọn tó dáwó.

Lẹ́yìn náà ni ìtàn rẹ̀. Òkú ń sunkún òkú, akáṣọlérí ń sunkún ara wọn: ẹni tí a bá gbé ìwé ìsìnkú fún láti kọ máa ń fi ara rẹ̀ kún un. A ó rí “aláàánú, onínúure, ọmọlúàbí”, ọ̀rọ̀ tí a lè kọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ iṣẹ́ àti ọjọ́ rẹ̀. Bí àwọn àgbà kò bá rántí ọdún, ẹ fi ohun tí wọn kò lè gbàgbé wá a. Ṣé kí ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí gba apá ọ̀tún ọ̀nà ní Nàìjíríà ni wọ́n la ojú ọ̀nà yẹn? Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni wọ́n kúrò lápá òsì bọ́ sí apá ọ̀tún. Ṣé pọ́n-ùn ni wọ́n dá tàbí náírà? Ọjọ́ kìíní ọdún 1973 ni náírà dé. Ṣé ó ti ń lọ sílé ìwé nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀? Oṣù kìíní ọdún 1955 nìyẹn. Ẹ gba ohùn wọn sórí fóònù, ìbéèrè kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ síbi méjì.

Ẹ wo Táí Ṣólàárìn, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, tó dá ilé ìwé Mayflower sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1956, tó ní kí àwọn ọmọ máa fọwọ́ ara wọn gbin ohun tí wọ́n ń jẹ. Ó kú ní 1994. Lónìí, yunifásítì tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ ní Ìjagun, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ère tó jọ ọ́ nìyẹn. Ọkùnrin yìí kò fi pamọ́ láyé rẹ̀ pé òun kò gba Ọlọ́run gbọ́, ṣòkòtò péńpé ló sì ń wọ̀. Ẹni tó bá wá yà á sára ògiri pẹ̀lú agbádá àti Bíbélì, ẹlòmíì ló yà.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Orúkọ òpópónà kì í ṣe ti ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé pátákó kalẹ̀. Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà fi í sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ kọ lẹ́tà sí káńsù, kí ẹ sì rí i pé òpópónà mìíràn ní ìlú yín kò ti ń jẹ́ orúkọ náà, kí lẹ́tà àti aláìsàn má baà sọnù sọ́nà.

Bí ẹ bá fẹ́ san owó ilé ìwé fún ọmọ ní orúkọ rẹ̀, ẹ ṣírò rẹ̀ dé òpin. Ká ní 150,000 náírà ni ọmọ kan ń ná yín lọ́dún, tí ẹ sì ń mú ọmọ tuntun kan lọ́dọọdún fún ọdún mẹ́ta sẹ́kọ́ńdìrì àgbà: lọ́dún kẹta, ọmọ mẹ́ta ló wà lọ́rùn yín, 450,000. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń ṣírò ọdún àkọ́kọ́ nìkan, lọ́dún kejì wọn a dákẹ́, ọmọ a padà sílé. Bí owó kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ ra pọ́ǹpù tuntun sí kànga tí olóògbé gbẹ́, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sára ilé omi, kí ẹ sì yan ẹni tí kọ́kọ́rọ́ yóò máa wà lọ́wọ́ rẹ̀.