Èsì wa sí oníbàárà tó fún fọ́ọ̀mù ìbéèrè ọjà ní ìràwọ̀ mẹ́ta

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì ṣeun tí ẹ kọ ohun tí ẹ rí. Ẹ ní a já fọ́ọ̀mù ńlá tí ẹ ń lò lórí ìwé sí wẹ́wẹ́ nígbà tí a gbé e sórí Camunda 8, ètò kọ̀ǹpútà tó ń gbé iṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ kan dé ọ̀dọ̀ òmíì. Ẹ ní ọ̀gá tó ń fọwọ́ sí i kò lè yí iye owó padà, kò sì rí iye ọjà tó ṣẹ́kù ní sítọ́ọ̀. Àti pé orúkọ ẹni tó ń tajà ti ṣófo lójú akáǹtáǹtì yín.

Èyí tó ṣófo yẹn ni kí n kọ́kọ́ mú, torí òun ló ń dá iṣẹ́ dúró. Gbogbo àyè orí fọ́ọ̀mù ló ní àkọlé tí òṣìṣẹ́ ń kà, ó tún ní key tí ẹ̀rọ fi ń tọ́jú ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Àkọlé, ẹ yí i bó ṣe wù yín. Key kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà lọ́dọ̀ yín sọ fún wa pé òun yí "olutaja" sí "oruko_olutaja" lórí fọ́ọ̀mù akáǹtáǹtì nìkan. Ẹni tó béèrè ọjà ṣì ń kọ ọ́ sínú "olutaja", akáǹtáǹtì sì ń wá a níbòmíì. Kò sí ohun tó sọnù. Ẹ dá key náà padà, kí ẹ sì gbé fọ́ọ̀mù náà jáde lẹ́ẹ̀kan sí i. Iṣẹ́ tó bá dé ọ̀dọ̀ akáǹtáǹtì lẹ́yìn ìyẹn á gbé orúkọ wá. Àwọn iṣẹ́ tó ti wà níwájú akáǹtáǹtì tẹ́lẹ̀ ṣì ń lo fọ́ọ̀mù tó bá wọn dé, nítorí náà ẹ pè wá ká jọ yanjú wọn.

Ní ti iye owó, mo rọ̀ yín kí ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Iye tó wà lórí ínfóìsì ni ọ̀gá ń fọwọ́ sí. Bó bá lè yí i fúnra rẹ̀, ẹni tó béèrè ò ní mọ̀, ìwé owó ò sì ní bá ínfóìsì mu. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kó tẹ "Dá a padà". Ìgbà yẹn nìkan ni àyè fún ìdí máa ń yọ, ó sì di dandan kó kọ ọ́ kí iṣẹ́ tó lè padà sọ́dọ̀ ẹni tó béèrè.

Ní ti fọ́ọ̀mù tí a já sí wẹ́wẹ́, ìwé kan ṣoṣo ló ń yí gbogbo tábìlì ká tẹ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí ohun gbogbo fi wà lórí rẹ̀. Ọ̀gá tó ń fi fóònù ṣí i láàárín ìpàdé méjì kò nílò nọ́ńbà àkáǹtì ẹnikẹ́ni. Tí fọ́ọ̀mù bá ti gùn jù, wọn kì í kà á mọ́, wọ́n kàn máa ń fọwọ́ sí i ni.

Àmọ́ ohun tó ṣẹ́kù ní sítọ́ọ̀ wà lára ohun tó yẹ kó rí kó tó pinnu. A óò fi kún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ ṣáà bá wa bi ẹni tó ń tọ́jú sítọ́ọ̀ ibi tó ń kọ iye náà sí.