Ẹkún Lẹ́yìn Rọpárọsẹ̀ Kì í Ṣe Ẹ̀san
Ọ̀rọ̀ kan ń lọ káàkiri lórí WhatsApp pé ní Íńdíà, ẹ̀san ayé ìṣáájú ni ẹ̀sìn Híńdù ka ìbànújẹ́ ẹ̀yìn rọpárọsẹ̀ sí. Pé àṣàrò nìkan ló ń wò ó, kí aláìsàn da oògùn nù.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọpọlọ tí rọpárọsẹ̀ pa lára lè mú kí èèyàn ṣàdédé bú sẹ́kún nídìí oúnjẹ, láìsí ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́. Ìrẹ̀wẹ̀sì ń bá nǹkan bí ẹni 1 nínú 3 àwọn tí rọpárọsẹ̀ ṣe, ó sì ní ìtọ́jú.

Lóòótọ́, Bhagavad Gita, ìwé mímọ́ ẹ̀sìn Híńdù, ń tu ọ̀pọ̀ nínú: Arjuna, akọni jagunjagun inú rẹ̀, gan-an gbọ̀n lójú ogun, ọrun tó fi ń ta ọfà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí Krishna, ọlọ́run tó wà pẹ̀lú rẹ̀, tó gbà á níyànjú. Ìtùnú nìyẹn. Ní NIMHANS, ilé ìwòsàn ìjọba ní Bengaluru, oògùn wà, yoga náà wà. Ẹ wo ìkànnì wọn.

Ẹ bi dókítà yín kí ẹ tó dá oògùn dúró. Ẹni tó fi ọ̀rọ̀ WhatsApp yẹn ránṣẹ́ sí mi, ìyá rẹ̀ ló fẹ́ ràn lọ́wọ́. Mi ò bá a wí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí ránṣẹ́ síbi tí tọ̀hún ti dé.