Ọwọ́ ló ṣe é

Ẹ ṣé gan-an fún ìtàn bàbá tó ṣiṣẹ́ ní fáktírì Gibson tí wọ́n ti ń ṣe gìtá ní Kalamazoo, ní Amẹ́ríkà yìí. Èmi máa ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Kábbà, mo dẹ̀ máa ń tún un ṣe. Ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ pickup, ìyẹn ẹ̀yà ara gìtá oníná tó ń gba ìró okùn rẹ̀, ló wọ̀ mí lára jù torí mo ti tú u wò rí, wáyà kọ́pà tín-ín-rín bí irun orí ni wọ́n wé lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún ìgbà, tó bá já pẹ́nrẹ́n gìtá ti yadi nìyẹn. Wọ́n ti fáktírì yẹn pa ní 1984, àwọn kan lára òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ò bá Gibson kó lọ, wọ́n dá iléeṣẹ́ gìtá tiwọn, Heritage, sílẹ̀ ní 1985 nínú ilé yẹn náà, wọ́n gbìyànjú gan-an o! Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi bi bàbá, ṣé igi ọ̀gànwó tiwa níbí lè ṣe ara gìtá dáadáa?