Tí ẹ bá fẹ́ rí Ìsàlẹ̀ Èkó dáadáa, oṣù kẹjọ ni kí ẹ wá

Tí ọdún bá ti ń lọ sópin, ìbéèrè kan náà ni àwọn ẹbí àti ọ̀rẹ́ mi tó wà lókè òkun máa ń bi mí: ìgbà wo ló dára jù láti mú àwọn ọmọ wá wo Èkó àtijọ́? Kí n tó dáhùn, wọ́n á ti ra tíkẹ́ẹ̀tì Kérésì. Èrò ọkàn tèmi rèé, mo sì dúró lé e: oṣù kẹjọ ni.

Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń wo Ìsàlẹ̀ Èkó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Ìga Ìdúngànràn, ààfin Ọba Èkó, ẹ gba Ìdúmọ̀tà, ẹ dé Martins Street níbi tí Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey wà láti 1894, ẹ já sí Kakawa kí ẹ wo Ilé Omi ti àwọn da Rocha, tí wọ́n gbẹ́ kànga sí tí wọ́n sì ń ta omi rẹ̀ fún ará ìlú láyé ọjọ́un, kí ẹ tó wá yà sí Campos láàárín àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tí baba ńlá wọn padà wálé láti oko ẹrú. Ẹni tó bá jókòó sínú mọ́tò gba ọ̀nà yìí kò ní rí nǹkan kan. Ẹni tó bá sì fẹ́ fẹsẹ̀ rìn ín, àfi kó kọ́kọ́ ro ti oòrùn. Oòrùn oṣù kejì àti oṣù kẹta ní Èkó kì í ṣe ọ̀rẹ́ ọmọdé. Kí aago mọ́kànlá tó lù, wọ́n á ti máa sunkún pé ilé làwọn fẹ́ lọ.

Ní oṣù kẹjọ, ara máa ń tuni. Òjò ńlá ti lọ, ojú ọ̀run á dẹ̀ díẹ̀, atẹ́gùn tútù á máa fẹ́ wá láti orí ọ̀sà, òjò á sì dá fún bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó tún padà. Ọdún mìíràn wà tí dídá òjò yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn, ẹ ṣáà mú agbòjò dání. Àwọn ọmọ iléèwé ti gba họlidé, ojú ọ̀nà fúyẹ́ díẹ̀, àgbàdo sísun sì ṣì wà létí títì.

Ẹ má wá ní oṣù kẹfà. Òun ni òjò rẹ̀ pọ̀ jù lọ nínú ọdún níbí, etí omi sì ni ìlú yìí tẹ́ pẹrẹsẹ sí. Bí ọ̀sà bá kún lásìkò tí òjò ń rọ̀, gọ́tà kò ní ríbi da omi sí, ojú títì ni gbogbo rẹ̀ ń padà sí. Oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá náà ní wàhálà tiwọn. Òjò kejì á dé, Odò Ògùn á kún, wọ́n á tún máa tú omi sílẹ̀ láti ìdídò (dáàmù) Ọ̀yán, àwọn ará Àgbóyì àti agbègbè Mile 12 ló sì máa ń kọ́kọ́ jẹ ìyà rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ewéko tó ń léfòó á bo ojú ọ̀sà, á máa lọ́ mọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Ẹni tó bá ń wọ ọkọ̀ ojú omi láti Ìkòròdú wá sí CMS mọ ohun tí mò ń sọ.

Oṣù kejìlá ńkọ́? Tó bá jẹ́ àríyá lẹ bá wá, ó dára. Àgbálùmọ̀ náà á ti máa yọjú. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ Kérésì, gbogbo ayé ló ń ra ọjà ní Balógun àti Ìdúmọ̀tà, ìsọ̀ àti agboòrùn àwọn ọlọ́jà á bo ara ilé pátápátá, ẹ̀yìn èèyàn nìkan lẹ máa rí. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé àwọn ọmọ á padà sí London, wọ́n á ní àwọn ti rí Èkó, nígbà tó jẹ́ gbọ̀ngàn àríyá ní Lẹ́kí nìkan ni wọ́n rí. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé láti Brazil àti Cuba ni àwọn Àgùdà ti padà wálé, pé káfíńtà àti bíríkìlà wà nínú wọn, pé iṣẹ́ ọwọ́ wọn ló wà lára mọ́ṣáláṣí tí mo dárúkọ yẹn àti lára àwọn ilé alájà àdúgbò náà.

Àwọn ilé yìí kò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Ilojo Bar tó wà ní gbàgede Tinúbú, 1855 ni wọ́n kọ́ ọ. Ìjọba kà á mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní 1956. Síbẹ̀, ní oṣù kẹsàn-án 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Ọmọ tí òbí rẹ̀ sọ pé "ó di ọdún tó ń bọ̀" nígbà náà, kò lè rí i mọ́ láyé. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń ká mi lára.

Ọjọ́ wo gan-an ní oṣù kẹjọ? Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Ọjà ti pa, ìsọ̀ wà ní títì, ojú ọ̀nà mọ́. Ìgbà náà ni ẹ lè dúró láàárín títì, kí ẹ gbójú sókè wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè àti ọnà tí wọ́n fi símẹ́ńtì ṣe sí orí fèrèsé. Tí òjò bá wá ṣẹ́ wẹliwẹli, ẹ sáré lọ sí Oníkan. Mọ́tò tí wọ́n pa Murtala Muhammed sí ní 1976 wà ní mùsíọ́ọ̀mù ibẹ̀, ihò ọta ìbọn ṣì wà lára rẹ̀. Ọmọdé kì í gbàgbé rẹ̀. Freedom Park, tó jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street tẹ́lẹ̀, kò jìnnà síbẹ̀.

Adámú Òrìṣà, ìyẹn ọdún Ẹ̀yọ̀, nìkan ló lè mú mi yí ohùn padà. Ẹ̀yọ̀ kì í jáde lọ́dọọdún, kò sì ní oṣù kan pàtó. Oṣù karùn-ún ló bọ́ sí ní 2017. Tí ẹ bá ti gbọ́ pé wọ́n ti dá ọjọ́, òjò ni o, ẹ̀ẹ̀rùn ni o, ẹ máa bọ̀. Ẹ má wọ sáńdà, kí obìnrin má di súkù, kí ẹnikẹ́ni má fa sìgá. Ọdún Àjíǹde náà dára fún ẹni tó bá fẹ́ràn kánífà Fanti, ìwọ́de aláṣọ aláràbarà ti àwọn Àgùdà.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní oṣù kejìlá nìkan ni ibi iṣẹ́ àwọn ń fún òun láàyè. Mo ti sọ fún wọn: ẹ gbádùn Kérésì yín ní ilé wa ní Yaba, ẹ má dé Ìsàlẹ̀ Èkó rárá títí ọdún tuntun á fi wọlé. Tó bá di Sunday kejì nínú oṣù kìíní, a ó jáde ní aago méje, ọyẹ́ tàbí kò sí ọyẹ́, kí oòrùn tó mú.