Q Láìsí U!

Ẹ gbà mí o! Lẹ́tà Q tún ti bọ́ sí mi lọ́wọ́ nídìí Scrabble, eré tá a ti ń fi lẹ́tà to ọ̀rọ̀, kò sì sí U kankan nítòsí tí mo máa fi tẹ̀ lé e. Irú ìyà wo rèé? Nínú Scrabble èdè Gẹ̀ẹ́sì, U 4 péré ló wà nínú àpò, àmọ́ E jẹ́ 12! Kí la fẹ́ fi gbogbo E yẹn ṣe, ṣé ká máa fi tọ́rẹ ni? Wọ́n á ní, "Ṣebí àwọn ọ̀rọ̀ tí Q wọn ò nílò U wà: 'qi' wà, 'qat' wà, 'faqir' náà wà." Ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀ nílé yín? Bí Q bá sì jókòó pa sí mi lọ́wọ́ títí eré fi parí, wọ́n á yọ máàkì 10 tí Q ní lára èyí tí mo fi òógùn kó jọ, wọ́n á gbé e fún ẹni tó kọ́kọ́ lo lẹ́tà ọwọ́ rẹ̀ tán! Wọ́n na èèyàn, wọ́n tún ní kó má sunkún. Ó sú mi jàre!